Yanrìn Inú Kànga

Maiduguri, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹrin.

Láti ìdájí ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé wa. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀rọ omi àdúgbò ti dákẹ́, owó tí à ń san fún àwọn mẹ́ruwà sì ti fẹ́ ju owó ọbẹ̀ lọ. Ọkọ mi ní ká kúkú gbẹ́ tiwa. Ooru oṣù yìí kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá gbé omi síta láago méjìlá ọ̀sán, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi te ẹ̀bà.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá ni mo gbé kúnú jáde fún àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá tó ń gbẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, fìlà rẹ̀ nìkan là ń rí bí a bá yọjú wò ó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró lókè, òun ló ń fa okùn. Garawa kan gòkè, ó dà á sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo bu díẹ̀ sọ́wọ́. Kì í ṣe erùpẹ̀. Yanrìn ni, funfun tó pọ́n díẹ̀, ó dọ́gba bí èlùbọ́ tí wọ́n ti jọ̀. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tí gbogbo igun ara wọn ti jẹ tán, tí wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi hóró ẹ̀wà. Mo fi Háúsá pe bàbá náà, mo bi í pé níbo ni irú yanrìn báyìí ti wá.

"Ruwa ne ya kawo shi." Omi ló gbé e wá. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, ó sì ń gbẹ́lẹ̀ lọ.

Omi wo? Láti ibi tí mo dúró sí yìí dé Adágún Chad, ó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílùú yìí, mo mọ ìdáhùn, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú pátákó láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì dì í mú rí.

Gegele yanrìn kan gba inú Maiduguri kọjá, ó forí lé Bama, ó sì wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Bama Ridge ni wọ́n ń pè é. Àlejò kì í fojú sí i. Ẹni tó bá wọkọ̀ lọ sí Bama á kàn rò pé títì ló gbé sókè díẹ̀. Etí omi ni. Ìgbì adágún ló ń rọ́ yanrìn jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìgbì òkun ṣe ń rọ́ ọ jọ ní Badagry. Ibi tí mo ń sá aṣọ sí yìí, etí omi ni nígbà kan, gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó sì tẹ́ lọ súà lápá àríwá yẹn, abẹ́ omi ló wà.

Adágún ìgbà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí à ń káàánú lónìí. Ní àwọn ọdún 1960, ó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, kò pé 2,000 mọ́. Èyí tí mo ń sọ lé ní 350,000. Bí ẹ bá pín Nàìjíríà sí mẹ́ta, ó ju ìdá kan lọ.

Òjò ló kún un. Láàárín nǹkan bí ọdún 11,000 sí 5,000 sẹ́yìn, koríko ló wà níbi tí aṣálẹ̀ Sàhárà wà lónìí, erinmi àti ọ̀nì sì ń gbé inú omi ibẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó fà á fún àwọn ọmọ, òkòtó ni mo máa ń ta lórí tábìlì. Bí òkòtó bá ń yí, orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó máa ń fì. Ayé náà ń fì bẹ́ẹ̀, àfi pé tirẹ̀ lọ́ra: ó lé ní ọdún 20,000 kó tó fì yípo lẹ́ẹ̀kan. Fífì yẹn ló ń yí ìgbà tí ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù padà. Lónìí, oṣù kìíní ni, inú ọyẹ́ gan-an. Ní bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, àárín ọdún ló bọ́ sí. Oòrùn àárín ọdún wá ń mú ilẹ̀ apá ọ̀hún ju ti ìsinsìnyí lọ, ooru yẹn sì ń fa afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnàjìnnà. Nígbà tí ayé fì kọjá, òjò padà sẹ́yìn.

(Olùkọ́ kan wà lọ́fíìsì wa tó máa ń fi èyí jiyàn pé ìyípadà ojú ọjọ́ òde òní kò kan ẹnikẹ́ni, pé ayé ló ń fì. Mo máa ń bi í bóyá òkòtó náà ló ń tú èéfín jẹnẹrétọ̀.)

Bí ọmọ bàbá náà ṣe ń fa okùn, mo ń sọ ìtàn Dufuna fún un. Darandaran Fúlàní kan ló ń gbẹ́ kànga bíi tiwa yìí lọ́dún 1987, lábúlé Dufuna ní ìpínlẹ̀ Yobe, nítòsí odò Komadugu Gana. Nígbà tó dé nǹkan bíi mítà márùn-ún, ohun tó ń fi gbẹ́lẹ̀ kan nǹkan líle. Igi ni, àmọ́ kì í ṣe gbòǹgbò. Ọkọ̀ ojú omi ni, tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi ọ̀gànwó kan ṣoṣo. Ó gùn tó mítà 8.4, ó fẹ̀ tó ààbọ̀ mítà, orí àti ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Maiduguri àti ti Frankfurt ní Jámánì ló yẹ̀ ẹ́ wò: ó tó bí ọdún 8,000. Kò tíì sí ọkọ̀ tó dàgbà tó o tí wọ́n rí nílẹ̀ Áfíríkà. Amọ̀ tútù ló bò ó tí atẹ́gùn kò ráyè dé ibẹ̀, ni kò fi jẹrà. Damaturu ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ló ń yà mí lẹ́nu, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ ni. Ara ọkọ̀ náà kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, kò sì sí irin láyé ìgbà yẹn. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbẹ́ púpọ̀ nínú irú rẹ̀ bà jẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ èyí.

"Malama, tí a bá rí ọkọ̀ nínú eléyìí ńkọ́?"

Mo ní a jẹ́ pé a ò mu omi mọ́ nìyẹn, àwọn yunifásítì á gba ẹ̀yìnkùlé mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gòkè wá láti inú ihò.

Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ sùn, mo tún wo àwòrán Gobero lórí fóònù. Ní orílẹ̀-èdè Niger ni, inú aṣálẹ̀ pátápátá. Lọ́dún 2000, àwọn tó ń wá eegun ẹranko ayé àtijọ́ ṣèèṣì bá itẹ́ òkú pàdé létí adágún tó ti gbẹ. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ ń sìnkú síbẹ̀. Omi gbẹ, ibẹ̀ sì ṣófo fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Omi padà, àwọn mìíràn dé, ojú kan náà ni wọ́n sì ń sin tiwọn sí. Nínú àwọn ẹni ẹ̀yìn yìí ni obìnrin kan wà pẹ̀lú ọmọdé méjì, ó ti tó bí ọdún 5,300, wọ́n kọjú síra wọn, ọwọ́ wọn há mọ́ra. Ọmọ méjì lèmi náà bí. Mo pa fóònù.

Nígbà tí òjò fi Sàhárà sílẹ̀, àwọn kan tẹ̀ lé omi dé etí odò Nile. Àwọn mìíràn sọ̀ kalẹ̀ wá síhìn-ín. Ní bí ọdún 1800 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn darandaran tẹ̀dó sí agbègbè Gajiganna, lápá àríwá Maiduguri, nígbà tó sì máa fi di bí ọdún 1200, wọ́n ti ń gbin jéró. Ìwé tí mo fi ń kọ́ni sọ pé ọ̀dá máa ń lé èèyàn kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Ọ̀dá tó lé wọn láti òkè náà ló gbọ́n omi kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n wá tẹ̀dó sí. Ká ní adágún kò fà sẹ́yìn ni, ẹja ni ì bá máa jẹ̀ níbi tí màlúù wọn ń jẹ̀.

Ilẹ̀ dúdú tí àwọn Kànúrí ń pè ní firki, ìsàlẹ̀ adágún ni. Lọ́gbẹlẹ̀, á lanu débi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sí i, lójò, ó di ẹrọ̀fọ̀. Àwọn tó gbé orí rẹ̀, bí ilé amọ̀ wọn bá wó, wọ́n á kọ́ òmíràn lé e, títí ó fi di òkìtì. Awalẹ̀pìtàn kan, Graham Connah, gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní Daima ní àwọn ọdún 1960. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan tí èèyàn fi gbé orí òkìtì yẹn. Irinṣẹ́ eegun wà nísàlẹ̀, irin wà lókè rẹ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó dé òkè pátápátá, ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ wà níbẹ̀. Àpáàdì! Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rántí Ifẹ̀? N kò sọ pé ọ̀kan kọ́ èkejì o. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Odò Ngadda tiẹ̀ la gegele wa kọjá láàárín ìlú, lẹ́yìn náà ó tẹ́ sínú àbàtà, kò dé adágún mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, nígbà tí ìdídò tó wà lókè odò ya, omi gba ìlú wa. Ìdílé mẹ́ta ló sùn sí pálọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́fà. Omi kò dé àdúgbò wa rárá. Gbogbo wa ní orí ló yọ wá, a sì dúpẹ́. Yanrìn yìí tó gbé ilé wa sókè ni kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà ogún, kò tíì sómi. Ẹ̀gbẹ́ kànga ń ya, bàbá ní òun kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ títí rìǹgì kọnkéré á fi dé lọ́la. Aládùúgbò wa yọjú lórí ògiri, ó rí òkìtì yanrìn, ó ní èló la máa tà á, òun fẹ́ fi rẹ́ ilé. Ọkọ mi ti bá a ṣe é. Ọmọ mi àbúrò ti bu tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.