Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, Epo Ìlàjẹ

Màmá mi ló rán mi níṣẹ́. Ó ní ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, ní Èkìtì, lòun máa fi ṣe àádọ́rin ọdún òun, òun ò fẹ́ ti òkèèrè tó dà bíi rọ́bà lẹ́nu. Bí mo ṣe di ẹja gbígbẹ sínú páálí nìyẹn, ẹ̀bùn fún ìyá tó máa ta ìrẹsì fún wa, mo sì wọkọ̀ ní Ìgbókọ̀dá, nílẹ̀ Ìlàjẹ wa létí òkun Oǹdó, kílẹ̀ tó mọ́.

Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Àkúrẹ́. Kí n má purọ́, owó ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìrẹsì. Dẹ́rẹ́bà wa ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò bi í: kí wọ́n tó kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́ ní 29 May 2023, lítà bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọjá 500, àtìgbà náà ni kò sì ti padà sí iye àtijọ́. Ó wo dígí, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tí epo wà nílé yín, ẹ ò bá wa bẹ̀ wọ́n!” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú.

Epo wà nílé wa lóòótọ́. Odò tí wọ́n gbẹ́ kí ọkọ̀ àwọn elépo lè ráyè kọjá ni omi iyọ̀ òkun gbà wọlé, tó fi ba omi dídùn jẹ́, tí igi inú àbàtà sì ń kú lóòró. Ní May 1998, àwọn ọ̀dọ́ wa lọ jókòó sórí pèpéle ìwapo Parabe, tí í ṣe ti Chevron, ilé iṣẹ́ elépo, láàárín òkun, wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn agbófinró yìnbọn, méjì nínú wọn ò padà wálé. Ní 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná lójú òkun ní ọ̀kánkán Awóyè, abúlé wa kan, ọdún sì ń gorí ọdún, iná náà ò kú. Ẹni tó bá fẹ́ ríná, kó wo ojú òkun, torí iná mọ̀nàmọ́ná ti di ìtàn lọ́pọ̀ abúlé etí omi wa láti ọdún gbọọrọ. Bàbá mi pa àwọ̀n tì kó tó kú. Ó ní epo lòun ń fà jáde, kì í ṣe ẹja.

Nítorí náà, èrò mi ò lọ́jú pọ̀: kí wọ́n fi epo sílẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi sí. Èrò yẹn ni mo gbé dé Èkìtì.

A kọjá Ìkẹ́rẹ́, òkè Ọlọ́sùnta dúró gbagidi lápá kan bí àgbà tó ń wo ọmọdé. Ìpínlẹ̀ kan náà la jọ jẹ́ títí di 1 October 1996 tí wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀. Àwọn kó òkè lọ, epo kù sọ́dọ̀ wa. (N ò mọ ẹni tó jèrè jù.)

Ní Ìgbẹ́mọ, ohun tí mo ń retí ni ariwo ẹ̀rọ. Kẹ́kẹ́ pa. Màmá tó ni ìrẹsì jókòó sórí àpótí, àpò ìrẹsì tó ti bọ̀, tó ti sá gbẹ, tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n tíì bó. Dísẹ́ẹ̀lì tán. Iná ìjọba ńkọ́? Ó kàn fọwọ́ gbọn èèpo ìrẹsì kúrò lára ìró rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé wa fún màmá náà nìyẹn. Wọ́n bi mí bóyá omi ibẹ̀ ò ṣeé mu ni. Mo sọ ti Ogoni, ní Niger Delta, fún wọn, pé ìwádìí UNEP, àjọ àyíká àgbáyé, tó jáde ní 2011 rí i pé benzene, májèlé inú epo, tó wà nínú kànga omi kan ní Nisisioken Ogale ju ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n káwọ́ lérí. Nígbà tí mo wá ní ì bá dáa kí ẹnikẹ́ni má wa epo mọ́, wọ́n wò mí.

“Kí n wá máa fi eyín bó ìrẹsì?”

N ò lésì.

“Odó la fi ń gún un nígbà tí mo wà lọ́mọge. Wo ọwọ́ mi, ọmọ mi.”

Mo wo ọwọ́ náà. Mo tún wo ẹ̀yìn ilé: igi ìdáná tí wọ́n fi ń bọ ìrẹsì ga ju èmi lọ, igi tútù wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo bi wọ́n bóyá wọn ò fẹ́ gáàsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́, ta ló máa rà á?

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi, kì í ṣe sí màmá. Gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde, wọ́n ń dáná sun ún lójú ọ̀run ní Niger Delta. Òfin 1979 ní kó dópin ní 1 January 1984. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Mo ti bímọ méjì báyìí, iná náà ṣì ń jó. Àwọn kan máa ń ní ká gbé ìyà Ìlàjẹ sórí òṣùwọ̀n, ká gbé àìní Ìgbẹ́mọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ká wo èyí tó wúwo. Òṣùwọ̀n wo? Ohun tí obìnrin yìí nílò ni wọ́n ń fi dáná sí ojú ọmọ wa, tó fi di pé igi ló ń gé. Àwa méjèèjì la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà.

Síbẹ̀ ọjọ́ ń lọ, èmi náà sì fẹ́ ìrẹsì. Mo dá owó, màmá dá, oníbàárà méjì míì dá. Ọmọ iṣẹ́ wọn gbé kẹ́ẹ̀gì gun ọ̀kadà lọ sí Adó, ó dé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Ó tú dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ, ó kọ́, ó gbá gìrìgìrì, èéfín dúdú bò wá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi ọmọ bàbá mi, mo pàtẹ́wọ́.

Mo sùn ní Ìgbẹ́mọ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìdajì àpò délé lọ́jọ́ kejì. Màmá mi tú u, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣàn án kó tó gbé e kaná.