Ohun tí oníbàárà ń fi sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Kubwa, ní Àbújá, níbi tí a ti ń ṣe fọ́tòkópì, tí a ti ń tẹ ìwé jáde, tí a sì ti ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kò dìgbà tí èèyàn bá di ọ̀gá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kí ó tó lè jí ìsọfúnni ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá jókòó sí àyè mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo yóò rí kó ju ohun tí ó wá wá lọ, nítorí àwọn tí ó ni ín ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un.

WhatsApp ni ó burú jù. Bí oníbàárà bá fẹ́ tẹ ìwé tí ó wà lórí WhatsApp rẹ̀, yóò fi fóònù rẹ̀ ya àmì onígun mẹ́rin tí ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, WhatsApp rẹ̀ yóò ṣí síbẹ̀, a ó tẹ ìwé náà, yóò sanwó, yóò sì máa lọ. WhatsApp náà kì í bá a lọ. Bí ó bá délé tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi. Àyàfi bí kò bá lo fóònù náà fún ohun tí ó ju ọjọ́ 14 lọ ni yóò tó já fúnra rẹ̀, ta ni kì í sì í lo fóònù fún ọjọ́ 14? Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò lè ka ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ náà pa lójú ọ̀nà kí àjèjì má bàa kà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣí kì í ṣe àjèjì mọ́.

Nígbà tí màmá kan padà wá tẹ ìwé, mo ní, "Màmá, WhatsApp yín ṣì wà níbí láti ìjọ́sí o." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ò ń ka ọ̀rọ̀ mi ni?" Mo ní, "Rárá, Mà, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mò ń lo kọ̀ǹpútà yìí." A tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tí ó wà lókè WhatsApp wọn, a sì ṣí "Linked devices." Ẹ̀rọ mẹ́ta ni a bá níbẹ̀: tèmi, ti ọ́fíìsì ọmọ wọn, àti ọ̀kan tí wọn kò mọ ibi tí ó ti wá rárá. Ojú ẹsẹ̀ ni a yọ ọ́. Ẹ lọ wo tiyín lónìí. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ ìwé lóde, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ sì dúró títí wọn yóò fi pa á rẹ́ níṣojú yín, títí kan èyí tí ó wà nínú Recycle Bin.

Bébà náà ń kọ́? Fọ́tòkópì tí kò bá jáde dáadáa, inú páálí ni ó ń lọ, láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta oúnjẹ. Mo ti ra ẹ̀pà rí ní Mararaba tí wọ́n fi ìwé NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) ẹni ẹlẹ́ni dì: orúkọ, fọ́tò, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà 11, kò sí èyí tí kò pé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dáná sun tèmi. Ẹ gba èyí tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá yín ṣe fọ́tòkópì, kí ẹ fà á ya. Àjọ NIMC tí ó ń fúnni ní NIN pàápàá ti ṣe vNIN, ìyẹn àkópọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tí ó ń kú lẹ́yìn wákàtí 72, kí a lè máa fi rọ́pò NIN gan-an. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ṣì ń takú pé fọ́tòkópì ni àwọn fẹ́; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi báírò kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́ náà gba àárín ìwé náà kọjá. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún yín láṣẹ láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbà á, nítorí náà ẹ má ṣe tijú.

Ó ku síímù. Àwọn olè one-chance tí ń fi ọkọ̀ kó èèyàn ní Àbújá kì í fi àkókò ṣòfò lórí bí wọn yóò ṣe ṣí fóònù. Síímù ni wọ́n ń yọ, wọn yóò fi í sínú fóònù mìíràn, OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan tí báńkì fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni, yóò sì máa wọlé fún wọn. Ẹ lọ sí ibi ààbò nínú fóònù yín, kí ẹ fi PIN ti síímù náà, kí ó lè máa béèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi í sínú fóònù mìíràn. Ẹ má ṣe lo ọjọ́ ìbí yín, ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ tí ó ni síímù náà ní PIN tí wọ́n fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń ṣí síímù tí ó ti tì, ni yóò béèrè. Ilé ni kí ẹ kọ PUK náà sí, kì í ṣe inú fóònù.