Sálàdì kírímù àfọwọ́sè ní Àjàṣẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá ń gbé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sálàdì kírímù kiri. Máyónéèsì ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan a da omi àti ṣúgà sí i, wọ́n á ní ó ti dé. Kò dé. Òróró ló pọ̀ jù nínú máyónéèsì, kò sì fojú kan iná. Sálàdì kírímù tí a ń sè nílé, sítáàṣì àti pupa ẹyin ló ń mú un ki.

Èlò ìgò kékeré kan nìyí: omi 150 ml, pupa ẹyin 2, tàbí 3 bó bá jẹ́ ti adìyẹ ìbílẹ̀, torí wọ́n kéré, ògì tútù tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, ṣíbí ìjẹun 3, ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 2, iyọ̀, ìlàjì ṣíbí tíì, mútáàdì, ṣíbí tíì 1, òróró, ṣíbí ìjẹun 4, fínígà, ṣíbí ìjẹun 4, mílíìkì agolo, ṣíbí ìjẹun 3.

Fínígà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lára ìgò tí wọ́n kọ vinaigre sí, ẹ ó rí 6° tàbí 8°. Bó ṣe kan tó nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìlànà oúnjẹ tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni wọ́n ní lọ́kàn. Bó bá jẹ́ 8°, ẹ po ṣíbí 5 rẹ̀ mọ́ omi ṣíbí 3, kí ẹ wá bu ṣíbí 4 nínú àdàlù náà. Ẹni tí kò bá là á á máa fi ṣúgà lé kíkan, kò sì ní bá a. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára.

Ògì dípò sítáàṣì àgbàdo: lójú tèmi ògì ló dára jù, torí kíkan tirẹ̀ bá oúnjẹ yìí mu. Bí kò bá sí, sítáàṣì àgbàdo ṣíbí 2. Ti gbágùúdá á máa fà bí ọbẹ̀ ilá.

Ẹ po ògì, omi, pupa ẹyin, ṣúgà, iyọ̀ àti mútáàdì pọ̀ ní tútù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó gbé e ka iná jẹ́jẹ́. Ẹ má dáwọ́ ríro dúró, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kọ́kọ́ ń dì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: bó bá ti ń ki, wọ́n á bẹ̀rù pé ẹyin fẹ́ ṣù, wọ́n á sọ̀ ọ́. Lálẹ́ ó dára. Tílẹ̀ bá mọ́, ó ti ṣàn. Èròjà kan wà nínú pupa ẹyin tútù tó ń jẹ sítáàṣì, amylase lorúkọ rẹ̀, iná gidi ló sì ń pa á. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹyin kò ní ṣù, ògì tó wà láàárín wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n so mọ́ra.

Ẹ sọ̀ ọ́ kí fínígà tó wọlé, torí fínígà tó bá bá sítáàṣì hó pẹ́ yóò jẹ́ kó ṣàn. Òróró ló kàn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú lílù. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n fún nílé máa ń rùn ju gbogbo èlò yòókù lọ. Ti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ lò. Epo pupa kọ́: yóò dì nínú fíríìjì, yóò sì yà.

Mílíìkì ló kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù pátápátá. Nínú ooru, kíkan á sọ ọ́ di wàrà ṣíṣù. Ẹ ka ara agolo: èyí tí wọ́n kọ sucré sí, ṣíbí 3 rẹ̀ ti gbé ṣúgà bíi ṣíbí 2 wá, nítorí náà ẹ yọ ṣúgà tẹ́lẹ̀ kúrò.

Mútáàdì bá tán, atalẹ̀ rírin ìlàjì ṣíbí tíì tó, àmọ́ inú ìkòkò ni kó ti wọlé. Atalẹ̀ tútù a máa mú mílíìkì dì, àfi tí iná bá kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ mẹ́rin ni nínú fíríìjì. Bí iná bá lọ mọ́jú, ẹ dà á nù.