Àṣíborí Tí Mo Yọ Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ panápaná, ọ̀kan nínú yín wá kí mi nílé ní Igbógbó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí ló dé tí àṣíborí tí wọ́n kó fún òun fi jọ ti sójà. Mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yìí kò sí lọ́kàn mi títí pákó fi já lé mi lórí.

Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ìsọ̀ pákó kan ló ń jó lọ́nà Ìjẹ̀dé. Mo ti yọ okùn tó wà nínú àṣíborí mi tipẹ́, nítorí ó ń yún mi lórí, ooru sì pọ̀. Pákó àjà kan já, kò tóbi ju apá mi lọ. Àṣíborí kò fọ́, kò tilẹ̀ tẹ̀. Èmi ni mo dákú. Nígbà tí mo jí, ọ̀gá wa kò bú mi, ó ti ọwọ́ bọ inú àṣíborí náà, ó bi mí pé, “Ìyókù rẹ̀ dà?”

Ìyókù yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní 1941, àwọn sójà Amẹ́ríkà gba àṣíborí tí wọ́n ń pè ní M1: irin lóde, ìkarahun mìíràn nínú, okùn sì gbé e dúró kúrò lórí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àṣíborí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Riddell, ni wọ́n ti rí ọgbọ́n okùn náà. Bí ohun líle bá já lù ú, okùn á fà, àlàfo á gba agbára náà mọ́ra kó tó kan agbárí. Tí kò bá sí okùn, ìkòkò irin lẹ dé sórí.

Ẹ má rò pé àwa la máa ń yá nǹkan lọ́wọ́ sójà nígbà gbogbo o. Ní 1915, nígbà ogun àgbáyé kìíní, fìlà aṣọ ni sójà Faransé dé wọ inú yàrà, èérún irin sì ń pa wọ́n láti òkè. Ọ̀gá ológun wọn kan, August-Louis Adrian, ṣe àṣíborí irin fún wọn, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti panápaná Paris, pẹ̀lú irin tó yọ sókè lórí bí ogbe àkùkọ. Ogun parí, panápaná Faransé gbà á padà, èlé wà lórí rẹ̀. Ọdún 1915 kan náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Brodie ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, tó fẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ sórí London ní 1940, irú rẹ̀ ni panápaná wọn dé, nítorí irin ń bọ́ látòkè fún àwọn náà.

Ṣáájú ìyẹn, láti àwọn ọdún 1860, idẹ ni wọ́n ń dé ní London, bí ti Gòláyátì nínú Bíbélì. Ó ń dán, ó wuyì. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná dé, idẹ sì ń gbé e wọra. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n fi kọ́ọ̀kì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé àkàbà lọ sábẹ́ wáyà tó lọ́ mọ́ra ní Sábó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tó wù mí jù ni ti Jámánì. Àṣíborí sójà wọn tẹ̀ wálẹ̀ bo etí àti ìpákọ́. Panápaná wọn mú ìrísí náà, nígbà tó sì di ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe é kó lè fúyẹ́, wọ́n so awọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹyin iná àti omi gbígbóná má baà wọ ọrùn. Sójà kò nílò awọ yẹn. Ẹni tó ti gbé ẹyin iná nínú kọ́là rí ló mọ ìdí rẹ̀.

Tí wọ́n bá wá fi àṣíborí sójà àlòkù lọ̀ yín ní ọjà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló ń dènà. Bó bá ní ọta, ẹ dá a lóhùn pé ọta kọ́ ni àjà ilé máa ń yìn.

Àbúrò tó wá sílé náà gbé tèmi tó ti gbó dé kó tó lọ. Ó bọ́ bò ó lójú. A jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a fún okùn inú rẹ̀ mọ́ra títí kò fi mì mọ́, ó wá ní kí n fọwọ́ gbá a wò.