Àyẹ̀wò ọdún: Ọ̀gá, tíréè, àti iyanrìn Bar Beach

Ẹ kú òpin ọdún o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò kọ nǹkan kan láti oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa kà á lọ.

Bí ẹ bá ní kí n ka oṣù méjìlá ọdún yìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, irọ́ ni mo máa pa. Mo mọ̀ pé mo lọ síbi iṣẹ́, torí wọ́n san owó oṣù, àní díẹ̀ nínú rẹ̀. Àlejò sì ń wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ àti Òkun wa bí wọ́n ti máa ń wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Scotland bá wa sọ̀rọ̀ lórí Zoom nípa Marie Tharp, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń fi nọ́ńbà jíjìn omi tí àwọn ọkùnrin ń kó bọ̀ láti ojú agbami ya àwòrán ìsàlẹ̀ Atlantic, nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ọkọ̀ náà. Ní 1952 ó rí i pé àfonífojì kan la àárín òkè gígùn tó wà lábẹ́ omi já. Bruce Heezen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin lásán ni. Ó pẹ́ kó tó gbà. Ìyàwó mi wà ní yàrá nígbà tí mo ń gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ní ọ̀rọ̀ ò rí bó ṣe sọ ọ́, “Marie Tharp” ló fi ń dá mi lóhùn.

Ẹlòmíràn wá sọ nípa òkúta ẹfun Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, pé ìkarahun ẹran omi ló kún inú rẹ̀, torí pé òkun ló bo ibẹ̀ ní ohun tó ju 50 mílíọ̀nù ọdún lọ sẹ́yìn. Awakọ̀ tó gbé e wá ní ọmọ Ewékorò ni ìyá òun, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá wá.

Ẹ mọ Ọ̀gá, olùkọ́ mi. Àwọn ni wọ́n fi bírò pupa kọ “Ta ló sọ fún ọ?” sí etí gbogbo ìwé mi, àwọn náà ni wọ́n ń pè mí láàárọ̀ Sátidé láti béèrè bóyá mo ti jẹun kí wọ́n tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Wọ́n ní àwọn ò ṣe sílaìdì. Ọmọ wọn obìnrin bá wọn ṣe é. A ò rí i.

Wọ́n ti mú iná lọ kí a tó ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ò sí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi òkú. Gbọ̀ngàn kún, ooru mú. Ọ̀gá wojú mi, wọ́n wo ẹ̀yìn níbi tí Ìyá Onírẹsì ti ń to àítẹ̀mù sẹ́fùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tíréè yẹn.”

Wọ́n rán àwọn ọmọkùnrin méjì lọ bu iyanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan tíréè, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba, wọ́n da omi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdérí kúlà ni wọ́n fi ń ti omi náà, kì í ṣe tààrà o, ńṣe ni wọ́n ń dà á gẹ̀rẹ̀ láti òsì. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀tún. “Ohun tí ìgbì ń ṣe fún wa nìyẹn, láti ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí ọ̀nà Lekki, tọ̀sán-tòru.” Wọ́n wá gba rúlà méjì, wọ́n gún un mọ́ iyanrìn, wọ́n fi àlàfo sáàárín.

Ògiri òkúta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó sẹ́nu ọ̀sà Èkó ní 1908 ni rúlà náà. Ṣáájú ìgbà yẹn iyanrìn ló dí ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, Forcados, èbúté kan ní Niger Delta, ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké. Òkúta ṣiṣẹ́, èbúté là. Ṣùgbọ́n ìgbì ò gbọ́ ti ìjọba. Ọ̀gá ń ti omi, iyanrìn ń jọ sẹ́yìn rúlà ìwọ̀-oòrùn, ẹni tó bá ti dé Lighthouse Beach mọ bó ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ìhà ìlà-oòrùn ò rí nǹkan gbà mọ́, omi sì ń kó èyí tó ní lọ. Bar Beach nìyẹn. Wọ́n ti gbé ìdérí ìgò kan lé iyanrìn, wọ́n ní ilé ìyá ẹnì kan ni. Nígbà tó já sómi, gbọ̀ngàn hó bí ìgbà tí Super Eagles jẹ góòlù.

Ọmọ kan béèrè pé Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́ sí Bar Beach, ń kọ́? Ọ̀gá fi rúlà kẹta dí ojú ibi tí omi jẹ. Ó dúró. Wọ́n ní kí a wá wo ìlà-oòrùn rẹ̀. Wọ́n ń ti omi lọ, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Onírẹsì gba tíréè wọn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gbé oúnjẹ fún wa. Iyanrìn díẹ̀ wà nínú tèmi.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n pè mí. Mi ò ní kọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó pè mí ti parí ọ̀rọ̀, fóònù ṣì wà létí mi. Láàárọ̀ Sátidé mo ṣì máa ń tètè jẹun, kí n má baà parọ́, kò wá sí ẹni tó ń béèrè. Ọ̀fọ̀ máa ń mú kí àwọn ẹlòmíràn rù. Èmi, aṣọ tí mo dá fún ìsìnkú ò gbà mí mọ́ nígbà tí a ń lọ dúpẹ́. Ọmọ wọn fi sílaìdì náà ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo tíì ṣí. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún tí mo wọlé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Onírẹsì, tí wọn ò gba owó tíréè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kékeré tó fi fóònù ká díẹ̀ sílẹ̀ kí bátìrì tó kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Marie Tharp náà.

Tí Ọlọ́run bá fẹ́, obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni àlejò àkọ́kọ́ wa lọ́dún tó ń bọ̀. Láti 1947 ni wọ́n ti tẹ ìlú náà dó sétí òkun, òkun sì ti gbé ilé àti ọ̀nà níbẹ̀ mì. Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ oyè tó ga jù tí àlejò gbà ní yunifásítì. Mo kọ ọ́ pé ó ti kó ilé rẹ̀ sẹ́yìn fún omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Mo máa tún un fi sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, bóyá ẹlòmíràn ló máa wà lórí àga.

Òun fúnra rẹ̀ ti ní òun á wá, òun á gbé ẹja dání, ká má sì fi jẹnẹrétọ̀ ṣèlérí fún òun. Ó ku owó ọkọ̀ láti Igbókòdá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ “ẹ kú iṣẹ́” sí mi, nọ́ńbà àkáǹtì wa ò yí padà o.