Ṣéènì gbọ́n jù mí lọ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé tí wọn ò tíì kọ́, kó lè dà bíi pé ẹnìkan ti ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ayàwòrán-ilé á fi fáìlì ránṣẹ́, èmi á fi oòrùn sí i, màá fi òjìji sí i, màá gbin igi méjì síta. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni pé ibo ni mo ti ń rí ọgbọ́n dá. Wọ́n rò pé màá dárúkọ ìkànnì kan tí àwòrán rèǹtèrente kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Rárá o. Bí mo bá ti wo iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pẹ́, tèmi á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tiwọn: oòrùn ìrọ̀lẹ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà tó ń dán bíi dígí, obìnrin kan náà tó kẹ̀yìn sí wa tó ń rìn lọ. (Ta ni obìnrin yẹn gan-an? Ibo ló ń lọ láti ọjọ́ yìí?) Ohun tó ń là mí lójú ni àwọn nǹkan tó ń ṣe ìṣirò fúnra wọn láìsí iná mànàmáná.

Ẹ wo Antoni Gaudí, ayàwòrán-ilé ará Sípéènì. Nígbà tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Colònia Güell nítòsí Barcelona, ó so okùn rẹpẹtẹ rọ̀ láti òkè, ó so àwọn àpò kéékèèké tí ọta òjé wà nínú wọn mọ́ àwọn okùn náà, ó wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dúró bó ṣe wù wọ́n. Bí àpò kan bá wúwo sí i, gbogbo okùn tó kù á sún, kálukú á wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ya fọ́tò wọn, ó dorí fọ́tò náà kodò, ó sì ya ilé lé e lórí. Ó lò tó ọdún 10 lórí ìyẹn nìkan. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n rí kọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ bá a dé Sagrada Família, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá rẹ̀ ní Barcelona.

Ìdí tí ọgbọ́n yẹn fi ń ṣiṣẹ́ kò le. Fífà nìkan ni okùn mọ̀. Òkúta tí a tò lé ara wọn, títẹ̀ ló lè gbà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun. Bí o bá wá dorí okùn kodò, ibi tí fífà ti wà tẹ́lẹ̀, títẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, ti mọ èyí láti 1675, àmọ́ ńṣe ló da lẹ́tà gbólóhùn tó fi ṣàlàyé rẹ̀ rú kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó dìgbà tó kú kí aráyé tó rí i kà. Èèyàn burúkú.

Mo gbé ṣéènì ọrùn kan, mo fi píìnì méjì kọ́ ọ sára ògiri lẹ́yìn tábìlì mi. Mo sún píìnì kan wọlé díẹ̀. Ṣéènì náà ti yí ìdúró padà kí n tó yọwọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kọ́ àárín rẹ̀, ó sì ṣe ṣóńṣó. Ìgbà tí mo fi fóònù yà á tí mo dorí rẹ̀ kodò, áàkì (ohun tí a kọ́ tẹ̀ bí ọrun) olórí ṣóńṣó ló wà níwájú mi, irú èyí tó yẹ níbi tí ẹrù bá wà lórí téńté. Mo gbé fọ́tò náà sínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yàwòrán, mo fa ìlà tọ̀ ọ́, ó sì di òrùlé gbọ̀ngàn kan. Kò sí oníbàárà tó bi mí ìdí tí òrùlé náà fi fara balẹ̀ báyìí, àmọ́ ojú mọ̀ ọ́n.

Frei Otto, ayàwòrán-ilé ará Jámánì, omi ọṣẹ ló lò ní tirẹ̀. Ó ń tẹ wáyà, ó ń rì í bọ omi ọṣẹ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá sì nà sáàárín wáyà náà ni awọ tó kéré jù tó lè so etí rẹ̀ pọ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí òrùlé pápá ìṣeré Olympics 1972 ní Munich. Guggenheim, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Bilbao ní Sípéènì, tí wọ́n ṣí ní 1997, ni gbogbo ènìyàn fi ń yangàn pé CATIA, ètò kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, ló bí i. Ṣùgbọ́n Frank Gehry, ayàwòrán-ilé tó yà á, ti fi ọwọ́ ṣe àwòṣe rẹ̀ kó tó dé orí kọ̀ǹpútà rárá.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, àpótí kan ni ọ̀gá mi. Láti Yunifásítì Cornell ló ti jáde ní 1984: ògiri kan pupa, èkejì jẹ́ àwọ̀ mìíràn, ìyókù funfun. Wọ́n kan irú àpótí náà ní tòótọ́, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ṣírò, kí irọ́ lè hàn. Ohun tó wà níbẹ̀ láti wò ni bí pupa ara ògiri ṣe ń ràn mọ́ ohun funfun tó bá wà nítòsí. Gbé ìwé eléèpo pupa sún mọ́ ògiri funfun níbi tí oòrùn ti ń wọlé, wàá rí i: àwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ kan á gun orí ògiri, á sì parẹ́ bí o bá gbé ìwé kúrò. Ní 1986, James Kajiya, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ ìṣirò kan ṣoṣo tó kó gbogbo èyí pọ̀, òun náà sì ni ètò tí mò ń lò ń bá wọ̀yá ìjà ní gbogbo òru.

Ẹ máa bi mí nípa AI tó ń fi ọ̀rọ̀ ya ilé. Mò ń lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti fi mọ irú ojú ọjọ́ tí mo fẹ́. Ó yára, ó sì dùn ún wò, títí o fi máa tẹ̀ lé àtẹ̀gùn rẹ̀ tí yóò já sára ògiri, tàbí kí o rí òpó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Àwòrán ilé ló kọ́, kò kọ́ ìwúwo. Kò sẹ́ni tó so òjé mọ́ ọn.

Èyí tó wọ̀ mí lójú nínú àwọn tuntun ni Gaussian splatting, tó jáde ní 2023: o ya fọ́tò ibì kan kárí, kọ̀ǹpútà á wá fi àìmọye ẹ̀kán àwọ̀ tó rí fúlẹ́fúlẹ́ tún ibẹ̀ tò sójú òfurufú, pẹ̀lú ìdọ̀tí àti ìpẹ́ ọ̀dà rẹ̀. Mo gbà fún ohun tó bá wọn nǹkan gidi. Ìdí nìyẹn tí mo tún fi fẹ́ràn iṣẹ́ Andrew Tallon, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, tó fi iná laser wọn Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti Paris, kí iná tó jó o ní 2019. Ìwọ̀n rẹ̀ fi hàn pé àwọn òpó inú rẹ̀ ò tò gún régé.

Látìgbà náà ni mo ti máa ń yí táìlì kan díẹ̀ kúrò lórí ìlà nínú àwòrán mi. Oníbàárà kan rí i lóṣù tó kọjá, ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Àbàwọ́n omi tó wà lábẹ́ fèrèsé ṣì wà níbẹ̀, kò tíì rí ìyẹn.