Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Alẹ́ ọjọ́ Ajé. Iná ti lọ, iná sólà ni mo fi ń kọ èyí.

Lónìí, díẹ̀ ló kù kí n di ọ̀gá mi.

Ọmọṣẹ́ mi kékeré rán bùláòsì oníbàárà kan, ó gbé apá òsì sí ọ̀tún. Nígbà tí ìyá náà wọ̀ ọ́, aṣọ fún un pinpin láyà, kò lè gbọ́wọ́ sókè. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Gbé e wá! Lọ dúró ti áyọ́ọ̀nù, má fọwọ́ kan aṣọ mọ́." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi nínú ohùn ara mi.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Bó bá ti fẹ́ gé aṣọ, á fa kọ́tìnnì, á ní kí n lọ pọnmi wá. Ìró sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì nìkan ni mo máa ń gbọ́. Kì í ṣe ìkà o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Lọ́kàn tirẹ̀, iṣẹ́ dà bí omi inú àmù: bí ọmọṣẹ́ bá bù níbẹ̀, ti ọ̀gá dín kù nìyẹn. Mo ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù láì mọ bí wọ́n ṣe ń gé abíyá aṣọ. Bùláòsì àtijọ́ tí mo ń tú lóru ni mo fi kọ́ ọ. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé òun alára ò kúrò lójú kan. Sítáìlì tó ń rán lọ́jọ́ tí mo wọlé ló ṣì ń rán lọ́jọ́ tí mo jáde.

Mo pe ọmọ náà padà. Mo tú apá aṣọ náà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Fi ìka tọ etí rẹ̀. Ibo ló jin jù?" Ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ibí ni, mà." "Iwájú nìyẹn. Iwájú la máa ń nawọ́ sí, ẹ̀yìn ló nílò aṣọ." Mo kó ìwé ìròyìn àtijọ́ fún un, mo ní kó gé apá mẹ́wàá. Ìkẹfà ló tó jọ apá èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ọmọ yìí kan náà ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán kọ́séètì tí àwọn ọmọge ń béèrè báyìí. Orí fóònù ló ti rí i.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi nígbà tí mo délé. Màmá wà lára àwọn ọmọ tó bọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955. Bàbá wọn bínú sí owó orí tó bá a dé. Kì í ṣe bàbá wọn nìkan: ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní ẹkùn náà nínú ìbò àpapọ̀ 1954, síbẹ̀ wọn ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ yẹn ni mo ń rò látìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sì forí ṣe fọrùn ṣe kó tó rí owó ilé ìwé. Ẹlòmíì á ní, "Èmi jìyà kí n tó mọ̀wé, kí tiyín náà jìyà." Tirẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni ní 1944, tó ti ní ìyàwó àtọmọ nílé, tó tún gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ẹni tó ṣì ń wá ìmọ̀ kiri fúnra rẹ̀, báwo ló ṣe máa fa kọ́tìnnì mọ́ ọmọ ẹlòmíì?

Kí n sọ òótọ́. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àti bí mo ṣe ń gé aṣọ sí wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń tì í. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò lára ti ilé. Ó wà níwájú mi báyìí. Ẹnu dúrọ́ọ̀ yẹn ni màá kì í bọ̀ lọ́la, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà.